Leonid Kulik: Ẹni Tí Ó Wá Òkúta Wọ Igbó Òtútù

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Leonid Kulik mu.

Ìlú Tartu, tí ó wà ní Estonia lónìí, ni a bí i sí ní ọdún 1883. Ó kọ́ nípa iṣẹ́ igbó ní Saint Petersburg, ṣùgbọ́n òkúta tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ni ó gbà á lọ́kàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 1908, nǹkan bú gbàmù lójú ọ̀run nítòsí odò Tunguska ní Siberia. Inú taiga ni ibẹ̀ wà, igbó ńlá àríwá Rọ́ṣíà, tí ewé igi rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, tí odò ibẹ̀ sì ń di yìnyín. Bí a bá kọjá rẹ̀ sí àríwá, a ó dé ibi tí igi kò lè hù mọ́. Àwọn Evenki tí wọ́n ń da àgbọ̀nrín níbẹ̀ gbà pé Ogdy, òrìṣà wọn, ni ó bínú.

Ọdún 1927 ni Kulik tó débẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn Evenki tí ń fọ̀nà hàn án. Ihò ńlá ni ó ń retí, ṣùgbọ́n kò rí i. Igi ni ó bá nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn kọ̀dí sí ojú kan náà. Ní àárín gbùngbùn, àwọn igi kan ṣì dúró láìní ẹ̀ka, bí òpó wáyà.

Ó padà lọ ní 1928 àti 1929. Ó ní òkúta náà ti rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fa omi kòtò kan gbẹ, kùkùté igi àtijọ́ ni wọ́n bá nísàlẹ̀. Bí òkúta bá já síbẹ̀ ni, kùkùté yẹn ì bá ti fọ́ túútúú. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ní 1938, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ya àwòrán igbó náà.

Nígbà tí ogun dé ní 1941, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìjà, bí ó tilẹ̀ ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún. Àwọn ará Jámánì mú un lẹ́rú, àìsàn táífọ́ọ̀sì sì pa á ní 1942. Kò rí òkúta náà títí ó fi kú.

Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkè ni nǹkan náà ti fọ́, kò kanlẹ̀ rárá. Àwọn igi tí Kulik ń fẹsẹ̀ kọjá ni ẹ̀rí wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ ìwádìí tí kò bá ohun tí ó ń wá kò tíì já sásán, bí a bá ṣáà kọ ohun tí a rí sílẹ̀ bí ó ti rí.