Pa Antonio, Ẹni Tí Ó Tọ́jú Agbo De Àlùfáà



Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ìdí rẹ̀ tí àwọn Yorùbá fi ń pe àwa Kátólíìkì ní Àgùdà, ẹ má ṣe wá ìdáhùn lọ sí Róòmù. Èkó ni kí ẹ lọ, kí ẹ béèrè Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tí wọ́n gba òmìnira lóko ẹrú ní ilẹ̀ Brasil tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà sílé. Orúkọ tí a ń pè wọ́n ni ó di orúkọ ìjọ wọn, òun náà ni ó sì di tiwa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní etí omi níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí: Antonio, tí a mọ̀ sí Pa Antonio.

Ẹrú ni ọkùnrin yìí ti jẹ́ rí. Ó ti Brasil dé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tí ó kọ́ lọ́hùn-ún, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ipò tí ó ṣòro. Ẹ rò ó wò ná. Kò sí àlùfáà Kátólíìkì kan ṣoṣo tí ń gbé Èkó. Kò sí Mísà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò fi òróró mímọ́ kun ẹni tí ń kú lọ. Láti ọdún 1852 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS ti wà ní ìlú náà, tí wọ́n ní oníwàásù àti ilé ẹ̀kọ́. Ìbá rọrùn púpọ̀ fún agbo kékeré yìí láti fọ́n ká, kí olúkúlùkù sì gba ibi tí ó wù ú lọ.

Pa Antonio ni ó kó wọn jọ. Ó ní ilé àdúrà kékeré kan tí wọ́n ń péjọ sí. Ó ń darí Rosari, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi, ó ń dúró ti àwọn tí ń gbéyàwó, ó sì ń sìn òkú dé itẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa pè é ní Padre, èyí tí í ṣe Bàbá tàbí Fáda ní èdè Potogí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Ìrìbọmi wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí Ìjọ fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe é nígbà tí kò sí àlùfáà. Ara Krístì kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáríjì ní àgọ́ ìjẹ́wọ́. Olùṣọ́-àgùntàn ni, tí ebi ń pa àwọn àgùntàn rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ oúnjẹ tí kò lè fún wọn.

Ní ọdún 1859, Bíṣọ́bù de Brésillac, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀, kú ní Freetown, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ó gúnlẹ̀. Ní 1861, Fáda Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ kan náà dé Ouidah ní Dàhòmì, èyí tí à ń pè ní Benin lónìí. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá sí Èkó ní 1863, ó sì bá ìjọ tí ó ti ń gbàdúrà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà lọ. Ó di 1868 kí Fáda Pierre Bouche tó wá máa gbé Èkó.

Ọdún márùn-ún tí ó wà láàárín yìí ni ó máa ń gbà mí lọ́kàn jù. Kí àlùfáà má tilẹ̀ wá rí jẹ́ ìrora kan. Kí ó wá, kí ó sì tún lọ, kí ènìyàn padà sídìí Rosari rẹ̀ láìmọ ìgbà tí òmíràn yóò dé, òmíràn ni èyíinì. Agbo náà ṣì wà nígbà tí Fáda Bouche dé.

Àwa tí a gba oyè àlùfáà a máa rẹ̀wẹ̀sì ní kíákíá. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Bí òjò bá lé ènìyàn padà, tí a sì rí ènìyàn mẹ́sàn-án nínú ilé Ọlọ́run, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa bóyá iṣẹ́ wa já mọ́ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi pẹ́ kí n tó dé abúlé kan. Mo ti ń gbèrò bí n ó ti tọrọ àforíjì. Láti èbúté ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. Katikísì ti dá Rosari sílẹ̀, wọ́n ti dé ìdìpọ̀ kẹrin, kò sì sí ẹni tí ó wẹ̀yìn wò mí títí wọ́n fi parí rẹ̀. Inú mi dùn sí i pé wọn kò dúró dè mí.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹ̀yin pẹ̀lú. Pa Antonio kì bá ti rí ẹnikẹ́ni darí bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá jókòó sílé nítorí pé kò sí Fáda. Àwọn kan nínú wa a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé katikísì ni yóò darí ìsìn, wọn a gba oko lọ, ìdajì àga a sì ṣófo níwájú ẹni tí kò gba owó oṣù tí ó tó jẹun. Láti ara agbo tí Èkó yẹn ni Ìjọ wa ti tàn dé ìhín, títí a fi yọ Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde kúrò lára ti Èkó ní 1969, tí Bíṣọ́bù Anthony Sanusi sì jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, èmi yóò wà ní òdìkejì omi. Katikísì wa ni yóò darí àdúrà níhìn-ín ní agogo mẹ́jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ yín wá.