Napoleon Bonaparte: Ẹni tí ó fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Dé Ara Rẹ̀ ládé

Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, coup, tí wọn kì í pe lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀. Lílù ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: bí ènìyàn bá gbá ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, coup ni, bí ọdẹ bá yin ìbọn, coup ni. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kan bá ṣe ohun ńlá tí ẹnu ya gbogbo ọjà, coup náà ni. Bí àwọn ológun bá sì fi ìbọn lé àwọn aṣòfin jáde tí wọ́n gba ìlú, coup d'état ni. Yorùbá kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Àṣeyọrí wà ní àyè tirẹ̀, ìfipágbàjọba wà ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì jọba lọ́nà tí ó tọ́, àwọn afọbajẹ ni ó fi í jẹ. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ-ogun ti pa Sylvanus Olympio ní Lomé ní 1963, àti láti ìgbà tí tiwa ti ṣẹlẹ̀ ní Jánúárì 1966, ọ̀rọ̀ Faransé náà kò ṣàjèjì sí etí wa mọ́. Ìgbésí ayé ọkùnrin tí ó mú kí ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì dàbí ọ̀kan ni a fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1769 ni a bí Napoleon ní Ajaccio, ní erékùṣù Kọ́síkà. Ọdún tí ó ṣáájú ni àwọn ará Genoa ti fi erékùṣù náà lé Faransé lọ́wọ́. Carlo bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé Pasquale Paoli láti bá àwọn àjèjì náà jà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun, ó yí padà sí ọ̀dọ̀ wọn, kò sì pẹ́ tí ó rí àyè fún ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé ológun ọba ní Brienne. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Èdè Faransé kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ó fà sẹ́yìn, ó di ìwé ìṣirò mú, kò sì gbàgbé ẹ̀sín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í joyè kékeré láàrin àwọn ológun alágbàá.

Bí kì í bá ṣe rúkèrúdò 1789, ibẹ̀ ni ìbá gbé darúgbó sí, nítorí ọmọ ìjòyè ńlá nìkan ni ó ń di ọ̀gágun nígbà náà. Àwọn ìjòyè sá, àyè ṣí sílẹ̀. Ní Toulon ní 1793, àgbá rẹ̀ lé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní èbúté, ó sì di ọ̀gágun ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní oṣù Òkítóbà 1795 ó yin àgbá sí àwọn ará Paris tí ó dìde sí ìjọba. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ́gun ní Ítálì. Ní 1798 ó kọjá sí Íjíbítì, ṣùgbọ́n Nelson run ọkọ̀ rẹ̀ ní Aboukir. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 1799 ó fi àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì yọ́ wọ ọkọ̀ lọ sílé. Wọ́n fi ìlù àti ijó pàdé rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn tí ó ń kéde ogun tí ó ṣẹ́ ti dé ṣáájú rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì wà tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó dá wọn sílẹ̀.

Àwọn márùn-ún ni ó jùmọ̀ ń ṣe olórí Faransé nígbà náà, ìlú sì ti sú wọn. Sieyès, ọ̀kan nínú wọn, ti ń wá ọ̀gágun tí yóò bá òun da ìjọba náà nù, tí yóò sì padà sí àgọ́ rẹ̀. Napoleon gbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Nofẹ́ḿbà 1799, tí í ṣe ọjọ́ 18 oṣù Brumaire nínú kàlẹ́ńdà tuntun wọn, wọ́n tan irọ́ kálẹ̀ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ fẹ́ dáná ìjà ní Paris, wọ́n sì kó ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì lọ sí Saint-Cloud, lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọmọ-ogun pọ̀ sí.

Ohun tí a kì í sábà rí nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni pé ọ̀ràn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ ní ọjọ́ kejì. Napoleon wọlé tọ Ìgbìmọ̀ Àgbà lọ, ọ̀rọ̀ wọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n kígbe mọ́ ọn pé ó ti di arúfin, wọ́n tì í síwá sẹ́yìn, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ni ó sì fà á yọ. Lucien àbúrò rẹ̀ ni ó gba ọjọ́ náà là. Òun ni alága Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó jáde, ó gun ẹṣin, ó sọ fún àwọn ọmọ-ogun pé àwọn aṣòfin kan mú ọ̀bẹ dání láti pa ẹ̀gbọ́n òun. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí dún, Murat kó àwọn ológun wọlé, àwọn aṣòfin sì bẹ́ gba ojú fèrèsé jáde, aṣọ pupa oyè wọn já bọ́ sínú ọgbà. Lóru, wọ́n ṣa ìwọ̀nba tí wọ́n rí jọ, wọ́n sì ní kí wọ́n dìbò pé ìjọba ti yí padà. Èyí ni Faransé púpọ̀ ń pè ní iṣẹ́ akin.

Kí ọdún tó parí, Sieyès ti di ẹni ẹ̀yìn, Napoleon sì ti di olórí pátápátá. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú dìbò sí i. Lucien, tí ó ti di mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé, kéde ní 1800 pé ó ju 3,000,000 lọ tí ó gbà, àti pé 1,562 péré ni ó kọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rúndún ogún tú àwọn ìwé ìbò náà wò, wọ́n rí i pé àwọn tí ó gbà kò ju nǹkan bí ìdajì iye náà lọ.

A kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ó dá báǹkì ìjọba sílẹ̀ ní 1800, ó dá àwọn ilé-ìwé gíga tí wọ́n ń pè ní lycée sílẹ̀ ní 1802, ó sì kó òfin ìlú jọ sínú ìwé kan ní 1804. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ka iṣẹ́ wọ̀nyí fún wa kì í dúró pẹ́ lórí ọjọ́ 20 oṣù Méè 1802. Ní 1794 Faransé ti dá gbogbo ẹrú sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí a dárúkọ yìí, Napoleon tún fi ẹsẹ̀ oko-ẹrú àti òwò ẹrú múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Guadeloupe, Louis Delgrès àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀tù fọ́n ara wọn ká dípò kí wọ́n padà sínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní Saint-Domingue, wọ́n tan Toussaint Louverture mú, wọ́n sì gbé e lọ sínú òtútù òkè Fort de Joux, níbi tí ó kú sí ní oṣù Éépírì 1803. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kù kò tú ká. Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagó, wà láàrin wọn. Títí di òní wọ́n ń bọ Ògún níbẹ̀, Ogou ni wọ́n ń pè é. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa Leclerc, ọkọ àbúrò Napoleon, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun rẹ̀. Dessalines sì ṣẹ́gun ìyókù ní Vertières ní Nofẹ́ḿbà 1803. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804 ilẹ̀ náà gba òmìnira, ó sì di Haiti.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Disẹ́ḿbà, Póòpù Pius Keje ti Róòmù wá sí Paris fún ìwúyè. Napoleon mú adé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e. Afọbajẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ni ó wá jókòó. Láìpẹ́ ọkùnrin náà di afọbajẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀: Joseph ní Naples, lẹ́yìn náà ní Sípéènì, Louis ní Holland, Jérôme ní Westphalia.

Ìṣubú rẹ̀ kò gùn ún sọ. Ní 1812 ó kó ọmọ-ogun tí ó ju 500,000 lọ wọ Rọ́ṣíà, díẹ̀ ni ó padà. Wọ́n lé e lọ sí Elba ní 1814; ó sá padà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Waterloo ní Júùnù 1815. Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sí St Helena, erékùṣù kan nínú òkun tí ó kọjú sí ilẹ̀ wa yìí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 5 oṣù Méè 1821, ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Ní 1840 Faransé gbé òkú rẹ̀ padà sí Paris pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Louis-Napoléon, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni wọ́n ti dìbò yàn ṣe Ààrẹ, òfin kò sì gbà á láàyè láti tún du ipò náà. Ó yan ọjọ́ 2 oṣù Disẹ́ḿbà 1851, àyájọ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dé adé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọlọ́pàá ti mú àwọn aṣòfin lórí ibùsùn. Kí oṣù náà tó parí, ó pe àwọn ará ìlú kí wọ́n wá dìbò lórí ohun tí ó ti gbà tán.