Einthoven, Ẹni tí ó Wọn Iná Ọkàn
Ní erékùṣù Java ni a ti bí Willem Einthoven ní 1860. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó wà tí baba rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀ ni ó kó wọn lọ sí ilẹ̀ Holland, ó sì kàwé di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Iná mànàmáná kékeré ní í mú ọkàn lù. Ní 1901, Einthoven ṣe ẹ̀rọ tí ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà tó 270 kílò. Aláìsàn a ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1924, ó sì kú ní 1927.

Lónìí, ọwọ́ kan lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àjèjì sí ìwòsàn. Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ ọ níbẹ̀ ní 1907. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ọmọ aláìníbaba. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ tó dìbò, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ rẹ̀ bí wọn yóò ti mú ẹ̀rọ yìí dé ilé ìwòsàn àdúgbò. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.