Oliver Heaviside: Ẹni Tó Mú Ohùn Já Gaara Lórí Wáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orin ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà inú yàrá yín sí ọ̀nà jíjìn, ẹ mọ̀ pé kó tó já gaara, ẹ sábà ní láti gbà kó pẹ́ díẹ̀. Heaviside ti mọ èyí tipẹ́.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1850. Àìsàn sọ etí rẹ̀ di wíwúwo ní kékeré. Ó ṣiṣẹ́ tẹ̀lígíráàfù, ó fi í sílẹ̀ ní 1874, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ mọ́; ilé àwọn òbí rẹ̀ ló jókòó sí tó ń ṣe ìṣirò.

Ìró tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ kì í yára bákan náà lórí wáyà gígùn. Ìyẹn wà lára ohun tó ń da ohùn rú. Ní 1887, ó fi ìṣirò hàn pé tí a bá fi kún inductance wáyà náà, ohùn á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ á jọ gúnlẹ̀. William Preece, ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, gbà pé inductance gan-an ló ń ba ohùn jẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni Arthur, ẹ̀gbọ́n Heaviside, ti ń ṣiṣẹ́, ló bá dènà ìwé tí àwọn méjèèjì jọ kọ. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju àìmọ̀ lọ.

Heaviside ò gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhun. Michael Pupin gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1900, AT&T sì ra á lówó gọbọi. Torquay ni Heaviside kú sí ní 1925.