Albert Shanker: Olórí ẹgbẹ́ olùkọ́ tó polongo iléèwé charter, tó tún padà ta kò ó

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1988, Albert Shanker bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ ní Washington. Ó fẹ́ kí wọ́n gba àwọn olùkọ́ láàyè láti dá irú iléèwé ìjọba tuntun sílẹ̀.

Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí òun gan-an ni ààrẹ ẹgbẹ́ olùkọ́ AFT ní Amẹ́ríkà.

New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928. Júù tó ṣí wá láti Poland ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pín ìwé ìròyìn, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níléeṣẹ́. Èdè Yiddish ni wọ́n ń sọ nílé, agbára káká ló fi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1967 àti 1968 gbé e dé ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ti 1968 le jù, torí àwọn òbí aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ máa darí iléèwé àwọn ọmọ wọn ni ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fà á, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tètè jinná.

Kí ni iléèwé charter gan-an? Owó ìjọba ló ń gbé e ró, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó iléèwé. Àwọn tó ń darí rẹ̀ á tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn fún ọdún mélòó kan: ọ̀pọ̀ òfin kò ní dè wọ́n, àmọ́ bí àwọn ọmọ kò bá mọ̀wé, ìjọba lè tì í pa. Ọ̀dọ̀ Ray Budde, olùkọ́ yunifásítì kan, ni Shanker ti mú orúkọ náà.

Èrò tirẹ̀ ni pé kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn dán ọgbọ́n tuntun wò, kí iléèwé yòókù wá kọ́ ọ. Ó ti rí irú rẹ̀ ní Cologne, ní Jámánì, níbi tí àwọn olùkọ́ kan náà ti ń bá àwọn ọmọ kan náà bọ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀, lọ́dún 1991. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá èrè fi dá sí i, àwọn míì sì rí i bí ọ̀nà láti sá fún ẹgbẹ́ olùkọ́. Shanker bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn New York Times, ní àyè tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sanwó fún lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 68. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 ti ṣe òfin náà nígbà yẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ iléèwé charter ni kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.