Hubert Ògúndé

Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé (1916 – ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990) jẹ́ òǹkọ̀wé eré, olórin, òṣèré àti olùdarí ẹgbẹ́ òṣèré ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bàbá eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1945 ni ó kọ́kọ́ sọ eré orí ìtàgé òde òní di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn eré ìṣèlú rẹ̀ tí ìjọba fòfin dè ni a sábà máa ń fi rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1945 sí nǹkan bí ọdún 1955, eré olórin aláwàdà, tí ó kún fún ijó, fèrè àti àwọn ọmọbìnrin oníjó, kò kéré rárá nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sanwó wò lọ́wọ́ rẹ̀. Láìmọ apá yìí, ó ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn eré tí a fòfin dè fi wọ ará ìlú lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti bí Ògúndé. Onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé lọ́dọ̀ bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ olùbọ Ifá àti Ògún. Nípa bẹ́ẹ̀, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlù ọdún ìbílẹ̀ ni ó jọ ń dún sí i létí láti kékeré, ó sì tún rí àwọn eégún aláré tí wọ́n ń ti ìlú kan dé ìlú kejì. Ó kàwé ní Ọ̀sọsà àti ní Èkó, ó ṣe olùkọ́, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọdún 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1943 wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀búté Mẹ́tta, ní apá Èkó tí a ń pè ní Mainland lónìí. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni Ẹ̀búté Mẹ́tta àti Yábàá nígbà náà, ìjọ Aládùúrà sì pọ̀ níbẹ̀. Inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé orí ìtàgé

Kí Ògúndé tó dé, àwọn bí A. B. David àti G. T. Onímọlẹ̀ ti ń gbé ìtàn Bíbélì kalẹ̀ pẹ̀lú orin Yorùbá ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó. Orin ni ó pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyẹn, ìṣe kò tó nǹkan: akọrin a dúró sójú kan, yóò kọ orin tirẹ̀ tán, yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, Ògúndé gbé The Garden of Eden and the Throne of God kalẹ̀ fún ìjọ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Gbọ̀ngàn yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní ọdún 1903. Nínú eré Ògúndé, àwọn òṣèré ń rìn, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń sọ ọ́ nílé. Àwọn èrò gba eré náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti gbájú mọ́ eré. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí yí padà nígbà mélòó kan, ó di Ogunde Theatre Party, lẹ́yìn náà Ogunde Concert Party.

Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ ni obìnrin. Òbí wo ni yóò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa jó lójú ayé fún owó? Nígbà tí ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá òṣèré obìnrin, àwọn tí ó dáhùn kò tó nǹkan, ó sì wá polówó pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń fẹ́. Ọgbọ́n náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi bí àbùkù iṣẹ́ náà ti tó lójú àwọn ènìyàn hàn. Nígbà tí Tiger's Empire jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1946, orúkọ àwọn obìnrin wà nínú ìpolówó eré náà gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí a ń sanwó fún, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà Ògúndé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, àwọn àti àwọn ọmọ wọn sì ni òpó ẹgbẹ́ náà. Ìgbéyàwó yìí pa àwọn ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́, kò sì jẹ́ kí òṣèré tí a ti kọ́ níṣẹ́ bá ọkọ mìíràn lọ. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni owó, ilé àti iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí wà. Adéṣẹ̀wà Clementina, ìyàwó rẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1970 nígbà tí ẹgbẹ́ wà lójú ọ̀nà eré.

Ijó, ẹ̀fẹ̀ àti ebi

Ní ọdún 1947 Ògúndé àti Clementina lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti wo bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe eré. Wọ́n kọ́ ijó waltz níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ijó tí a ń fi bàtà onírin lu ilẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní fèrè saxophone, kàkàkí òyìnbó àti ìlù jáàsì. Àwọn orúkọ eré náà fúnra wọn ń sọ̀rọ̀: Swing the Jazz, Half and Half, My Darling Fatima, Portmanteau Woman, Beggar's Love. Orin ni wọ́n fi ń ṣí eré, orin náà ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin a sì tò jáde nínú aṣọ péńpé.

Àwọn kan fojú kéré eré báyìí, wọ́n ní ìgbádùn lásán ni. Sinimá Amẹ́ríkà kan lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1929, tí sinimá olóhùn gbòde, àti ọdún 1934, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ìwà rere de fíìmù gidigidi, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ eré olórin aláwàdà. Gold Diggers of 1933, tí Busby Berkeley ṣètò ijó rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn oníjó tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe aṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń kọrin ọrọ̀, kí àwọn tí onígbèsè rán tó wá dá eré dúró. Ebi mú kí àwọn oníjó náà jí wàrà aládùúgbò mu. Orin àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé Ògúndé wo fíìmù yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé ijó, ẹ̀fẹ̀ àti ebi lè jọ gbé orí ìtàgé kan láìpa ara wọn lára. Ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ẹni tí ó wá wo ijó lálẹ́ ni òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ká oúnjẹ.

Ìfòfindè

Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú bí a ti ń ká eré lọ́wọ́ kò ní ìlú méjèèjì. Ní Hollywood, àwọn oníṣòwò fíìmù ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Ní Nàìjíríà, ọlọ́pàá ni ó ń ṣọ́ eré, iṣẹ́ tí Ògúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1945 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ tí ó lé ní ogójì nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ògúndé sọ ọ̀rọ̀ náà di eré Strike and Hunger, nínú èyí tí ọba àjèjì kan fi ebi pa àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1946, wọ́n mú un, wọ́n sì ní kí ó san owó ìtanràn pọ́n-ùn 125. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, Enúgù. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Bread and Bullet jáde, ìjọba sì fòfin dè é ní Kánò. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe Swing the Jazz náà ni ó ṣe eré yìí, pẹ̀lú àwọn oníjó kan náà.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni ó fòfin dè é. Ní ọdún 1964 ó gbé Yorùbá Ronú kalẹ̀ ní Ìbàdàn, lójú S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó jẹ́ ìtàn ọba tí àwọn tí ó sún mọ́ ọn dà, àwọn olóṣèlú sì rí ara wọn nínú rẹ̀. Akíntọ́lá dìde, ó sì jáde. Ìjọba rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo Ẹkùn náà, níbi tí oúnjẹ ẹgbẹ́ wà. Ògúndé kọ Òtítọ́ Korò fèsì. Oṣù Kejì ọdún 1966 ni Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1967 ó kó àwọn oníjó lọ sí ìpàtẹ àgbáyé Expo 67 ní Montreal. Nígbà tí sinimá àti tẹlifíṣọ̀n gba èrò lọ́wọ́ ìtàgé, ó ṣe fíìmù tirẹ̀: Ayé, tí Ọlá Balógun darí, Jáíyésinmi, Àròpin N'Tènìyàn àti Àyànmọ́. Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọkà fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Ní ọdún 1986 ìjọba àpapọ̀ pè é kí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré ìjọba sílẹ̀, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Gbọ̀ngàn Eré Àpapọ̀ ní Ìgànmú. Ó kópa nínú fíìmù Mister Johnson kí ó tó kú sí ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sọsà ni wọ́n sin ín sí.

Àwo orin Yorùbá Ronú ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ti àwọn eré olórin ìbẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò tẹ̀ jáde. Nígbà tí Ẹbùn Clark ń kọ ìwé rẹ̀ lórí Ògúndé, tí ó jáde ní ọdún 1979, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lára ibi tí ó ti ṣa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn jọ.