Ìtàn Ìgbésí-ayé Michael Faraday

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday. Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1791 ni a bí i ní Newington, lẹ́bàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àìlówó àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ George Riebau, ó sì lo ọdún 7 níbẹ̀. Àwọn ìwé tí oníbàárà gbé wá fún dídì ni òun ń kà.

Ní ọdún 1812, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyí fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, ògbóǹtarìgì onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Faraday kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Ní ọdún 1813, Davy gbà á sí iṣẹ́ ní Royal Institution. Ó ṣeni láàánú pé Davy yìí kan náà ni ó takò ó nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á sí ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1824. Wọ́n gbà á síbẹ̀síbẹ̀.

Ní ọdún 1831, ó rí i pé bí a bá ń ti òòfà wọ inú wáyà tí a ká, tí a sì ń fà á jáde, iná mànàmáná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Orí ìmọ̀ yìí ni ẹ̀rọ amúnáwá dúró lé. Ìṣirò gíga kò yé e. James Clerk Maxwell ni ó wá fi ìṣirò ṣe àlàyé èrò rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ṣáájú èyí, ó ti lo ọdún púpọ̀ lórí gíláàsì fún ẹ̀rọ awo-ọ̀nà-jíjìn, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àárẹ̀ àti ìgbàgbé mú kí ó dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ìmọ́lẹ̀ àti òòfà bá ara wọn tan. Ní ọdún 1845, ó mú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń mì sí apá kan ṣoṣo gba inú oríṣiríṣi nǹkan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà, kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, ó mú ògbólógbòó gíláàsì rẹ̀ tí ó wúwo. Apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń mì sí yí padà! Gíláàsì tí kò mú èrè wá ni ó ṣí ọ̀nà.

Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ fi ń mọ agbára òòfà inú agbo ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré. Ìgbì rédíò tí ń ti ibẹ̀ wá náà a máa mì sí apá kan ju òmíràn lọ. Òòfà tí ó bá pàdé lọ́nà a sì máa yí i, ìgbì gígùn ju ìgbì kúkúrú lọ. Ní ọdún 1962, Cooper àti Price rí èyí lára Centaurus A láti Parkes ní Ọsirélíà.

Faraday kọ oyè tí ìjọba fẹ́ fi dá a lọ́lá. Sarah Barnard ni ìyàwó rẹ̀. Wọn kò bímọ. Ó kú ní Hampton Court ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1867, wọ́n sì sin ín sí Highgate.